Ẹ Yí Ewé Náà Padà: Bí A Ṣe Ń Dá Àwọn Àtẹmísíà Inú Igbó Mọ̀ Yàtọ̀ Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Láti ìgbà tí ìròyìn ti tàn pé ara ewé kan tó ń jẹ́ àtẹmísíà ni oògùn ibà tí gbogbo wa ń lò ti jáde, àwọn èèyàn wa tó wà nílùú ọba kò yé fi fọ́tò ewé ránṣẹ́ lórí WhatsApp: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òun nìyí? Ẹ̀yìn ọgbà wa ló hù sí.” Nígbà mìíràn àtẹmísíà ni lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń rò. Ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé májèlé pọ́ńbélé ni wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Fọ́tò tí a dúró lókè yà kò lè yanjú ọ̀rọ̀ náà, torí pé ẹ̀yìn ewé, inú igi àti àárín òdòdó ni ìyàtọ̀ fara pamọ́ sí.

Irú àtẹmísíà tó wà láyé tó bíi 500. Méje péré ni ẹni tó ń rìn kiri ní Gẹ̀ẹ́sì nílò láti mọ̀, mo sì máa fi orúkọ Látìn wọn pè wọ́n kó má baà sí àṣìmú: vulgaris, verlotiorum, absinthium, maritima, annua, biennis àti campestris. Mọ̀lẹ́bí ewúro ni gbogbo wọn. Ìkorò ń bẹ nínú ọ̀pọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ìdí láti fi ẹnu tọ́ wọn wò. Kò sí ibì kankan nínú ìtọ́sọ́nà yìí tí mo ti ní kí ẹnikẹ́ni tọ́ ewé wò.

Ẹ mú gíláàsì kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10 dání, pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré, rúlà, ìwé ìròyìn àtijọ́ àti fóònù. Àsìkò tó dára jù ni láti ìparí oṣù kẹjọ títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, nígbà tí òdòdó bá ti wà lórí igi. Ẹni tó bá lọ lóṣù kẹrin yóò bá ewé tuntun tó ń hù nílẹ̀, ìyẹn sì ni àsìkò tí àṣìṣe tó léwu máa ń pọ̀ jù.

Ìgbésẹ̀ 1: Ṣé àtẹmísíà tilẹ̀ ni?

Òdòdó ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Atẹ́gùn ló ń gbé àtíkè òdòdó àtẹmísíà kiri, kì í ṣe oyin, nítorí náà kò sí ohun tó fẹ́ fi ẹwà ṣe. Òdòdó rẹ̀ kéré, ó rí róbótó tàbí gígùn díẹ̀, ó tò jọ lọ́pọ̀lọpọ̀ lórí ẹ̀ka, àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìyeyè tàbí pupa tó ṣókùnkùn, kò sì sí ewé òdòdó kankan tó là síta yí i ká. Bí ẹ bá rí òdòdó tó ní ewé funfun tàbí ewé ìyeyè yíká àárín rẹ̀, ẹ kọjá lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí ewé ṣe ń yọ lára igi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ewé àtẹmísíà ń yọ, èyí lápá kan, èyí tó tẹ̀ lé e lókè lápá kejì. Wọn kì í yọ ní méjì-méjì kí wọ́n kọjú síra.

Àwọn tó máa ń tan èèyàn jẹ níbí pọ̀, àmọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ dúró lé lórí.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni Conium maculatum, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní hemlock. Etí odò àti ẹ̀bá títì ńlá ló máa ń hù sí, ó sì lè ga ju mítà 2 lọ. Ẹni tó ti gbọ́ pé annua ga, tí ewé rẹ̀ sì gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ já hemlock lọ sílé. Gbogbo ara rẹ̀ ni májèlé, láti gbòǹgbò dé èso, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ti tó láti mú kí iṣan tí èèyàn fi ń mí dẹ́kun iṣẹ́. Ẹ wo igi rẹ̀: ó dán, kò ní irun, inú rẹ̀ ṣófo, àbàwọ́n aláwọ̀ àlùkò sì wà lára rẹ̀ níbí lọ́hùn-ún. Òdòdó rẹ̀ funfun, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ lókè bí agboòrùn tí a ṣí. Bí ẹ bá fọ ewé rẹ̀, òórùn ìtọ̀ eku ló ń jáde. Lóòótọ́ ni igi vulgaris náà máa ń pọ́n, àmọ́ pípọ́n rẹ̀ kì í ṣe àbàwọ́n, ó máa ń bá igi náà lọ látòkè délẹ̀. Igi náà ní ìlà tó jinlẹ̀ tí ọwọ́ lè fọwọ́ kàn, inú rẹ̀ sì kún. Bí igi bá dán, tó ṣófo, tó sì ní àbàwọ́n, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ lọ fọ ọwọ́ yín.

Èkejì ni Aconitum. Inú ọgbà àwọn èèyàn àti etí odò tó tutù ló máa ń wà. Tí ewé rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, gígé rẹ̀ jọ ti àtẹmísíà gan-an. Ní Japan, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀dọ́ ewé àtẹmísíà ṣe oúnjẹ, àwọn kan ti ṣì í mú, ó sì ti dá wọn gúnlẹ̀ sílé ìwòsàn. Ohun tó ń tú àṣírí rẹ̀ ni pé ẹ̀yìn ewé Aconitum kò ní irun funfun, bí ẹ bá sì rún un, kò ní òórùn àtẹmísíà. Ẹ ṣọ́ra, májèlé rẹ̀ ń gba awọ ara wọlé, torí náà bí ẹ bá ti fura, ẹ má rún un rárá.

Ẹ̀kẹta ni Ambrosia artemisiifolia, ragweed. Kì í pa ènìyàn, àmọ́ àtíkè òdòdó rẹ̀ máa ń mú kí àìmọye èèyàn máa sín, kí ojú wọn sì máa yún láti oṣù kẹjọ títí dé oṣù kẹwàá. Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n dáadáa, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹyọ-ẹyọ ló ń hù, ọ̀pọ̀ ìgbà láti inú oúnjẹ ẹyẹ. Ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń yọ ní méjì tó kọjú síra, èyí tí àtẹmísíà kì í ṣe. Igi rẹ̀ ní irun, tojú-tẹ̀yìn ewé rẹ̀ ló jẹ́ àwọ̀ ewé, akọ òdòdó rẹ̀ sì máa ń tò lórí ọ̀pá tóóró, tí wọ́n ń kọjú sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yí ewé náà padà

Bí ó bá ti dá yín lójú pé àtẹmísíà ni, ẹ já ewé kan láti àárín igi, kì í ṣe láti òkè pátápátá, kì í sì í ṣe èyí tó ti gbẹ nísàlẹ̀ (bí ó bá lè jẹ́ campestris, ẹ má já a, ẹ yí i padà lórí igi; ìgbésẹ̀ 5 sọ ìdí rẹ̀). Ẹ wo ojú rẹ̀, kí ẹ sì yí i padà wo ẹ̀yìn. Nínú gbogbo ìbéèrè tí a lè bi ewé, èyí ni mo gbà pé ó wúlò jù, torí ó ń pín àwọn méjèèje sí ọ̀nà mẹ́ta lójú ẹsẹ̀.

Bí ojú bá jẹ́ àwọ̀ ewé tó dúdú díẹ̀, tí ẹ̀yìn sì funfun nítorí irun tó bò ó, vulgaris tàbí verlotiorum ni. Ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ 3.

Bí ojú àti ẹ̀yìn bá jọ funfun tàbí kí wọ́n rí bí eérú, absinthium tàbí maritima ni. Ìgbésẹ̀ 4.

Bí ojú àti ẹ̀yìn bá jọ jẹ́ àwọ̀ ewé, tí kò sí irun tó hàn, annua, biennis tàbí campestris ni. Ìgbésẹ̀ 5.

Òjò máa ń dabarú ìgbésẹ̀ yìí. Irun tó bá rin máa ń lẹ̀ mọ́ ewé, funfun rẹ̀ á sì rọ. Ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó dájọ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Vulgaris àti verlotiorum

Ibí ni iṣẹ́ wà gan-an. Vulgaris, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní mugwort, kò sí ibi tí kò sí: ẹ̀bá títì, etí ojú irin, ẹ̀gbẹ́ kánáàlì, ilẹ̀ tí wọ́n wó ilé kúrò lórí rẹ̀. Verlotiorum ti Ṣáínà wá, ìlú Lọ́ńdọ̀nù àti agbègbè rẹ̀ ló sì ti wọ́pọ̀ jù ní Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù lè máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì lójoojúmọ́ kó máa rò pé ewé kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn.

Ẹ fi ọ̀bẹ gé igi náà ní àárín, kí ẹ gé e gbọọrọ kó má fọ́. Ẹ wo mùdùnmúdùn funfun tó wà láàárín rẹ̀. Nínú vulgaris, mùdùnmúdùn yìí tóbi, ó gba nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún fífẹ̀ igi náà, ara igi tó yí i ká kò sì nípọn. Nínú verlotiorum, bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni mùdùnmúdùn ń gbà, ara igi tó le ló kó ìyókù. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, ẹ má fojú díwọ̀n. Àmì yìí ni mo fọkàn tán jù nínú gbogbo wọn, torí ẹ lè rí i láti oṣù keje, kí òdòdó tó là.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ewé tútù kan sókè sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ẹ wo àwọn iṣan tó ya lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú apá kọ̀ọ̀kan ewé náà. Ti vulgaris máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, ti verlotiorum kì í jẹ́ kó kọjá. Ewé tó ti rọ kò ní fi èyí hàn, torí náà ibi tí ẹ ti já a ni kí ẹ ti wò ó.

Ẹ wá wo ìdí rẹ̀. Vulgaris máa ń hù ní ìdì, ọ̀pọ̀ igi láti ojú kan. Verlotiorum ń na gbòǹgbò gígùn lọ lábẹ́ ilẹ̀, á sì bo ilẹ̀ tó fẹ̀, tí igi kọ̀ọ̀kan dá dúró ní ìwọ̀n díẹ̀ sí ara wọn. Kò dìgbà tí ẹ bá hú u. Òfin ọdún 1981 tó ń dáàbò bo ẹranko àti ewéko igbó kò gbà kí ẹnikẹ́ni hú ewéko igbó láìgba àyè lọ́wọ́ onílẹ̀. Ẹ kàn fi ìka tú erùpẹ̀ òkè díẹ̀, ẹ ó rí ọ̀nà tí gbòǹgbò gbà.

Ti àsìkò òdòdó ńkọ́? Vulgaris máa ń yọ òdòdó láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án. Verlotiorum máa ń falẹ̀ títí oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá, òtútù sì lè bá a kó tó là rárá. Ewé pọ̀ láàárín òdòdó rẹ̀ ju ti vulgaris lọ. Àmọ́ ẹ má fi àsìkò nìkan dájọ́. Vulgaris tí ẹ̀rọ gígé koríko káńsù ti gé lóṣù keje máa ń tún hù, òdòdó rẹ̀ á sì pẹ́ kó tó dé. Ẹni tó bá rí i lóṣù kẹwàá, tó sáré kọ orúkọ verlotiorum sílẹ̀, ti ṣì í kọ.

Bí àwọn àmì bá wá ń jà, tí mùdùnmúdùn sọ ọ̀kan tí iṣan ewé sì sọ òmíràn, kì í ṣe ojú yín ló ń ṣe yín. Àwọn méjèèjì máa ń bí ọmọ pọ̀, wọ́n sì ti rí ọmọ náà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sọ ọ́ ní Artemisia × wurzellii. Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ kọ, ẹ má fi agbára tì í sí apá kan.

Ìgbésẹ̀ 4: Absinthium àti maritima

Ibi tí ẹ dúró sí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ẹjọ́ yìí fún yín. Maritima ò fi etí òkun sílẹ̀: òkè irà tí omi iyọ̀ ń bò, àti ara ògiri tí wọ́n fi ń dá omi òkun dúró, pàápàá ní Essex, Kent àti ẹnu odò Thames. Absinthium ń hù sí ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ̀bá ọ̀nà àti ibi tí ilé iṣẹ́ ti wà rí.

Absinthium lè ga tó mítà 1, maritima kì í sábà ju ìdajì rẹ̀ lọ. Apá ewé absinthium fẹ̀ ní mílímítà 2 sí 3, orí rẹ̀ sì kúpọnrín. Ti maritima tóóró gan-an, kò ju bíi mílímítà 1 lọ. Bí iyèméjì bá ṣì wà, ẹ já òdòdó kan tó ti là, ẹ fi èékánná ya á sí méjì, ẹ fọn àwọn wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ dànù, kí ẹ sì fi gíláàsì wo ilẹ̀ òdòdó náà. Ti absinthium ní irun gígùn tó dúró láàárín àwọn wẹ́wẹ́ náà, ti maritima pá. Òdòdó absinthium náà fẹ̀ jù, ó tó mílímítà 3 sí 5, ó sì máa ń dorí kodò.

Ní irà kan náà, ẹ ó tún bá Atriplex portulacoides, tí òun náà rí bí eérú. Ewé rẹ̀ kò gé rárá, ó nípọn. Lórí òkúta etí òkun sì ni Jacobaea maritima, funfun kedere, àmọ́ òdòdó ìyeyè rẹ̀ ní ewé tó là síta, ìgbésẹ̀ 1 ti lé e dànù.

Absinthium ni ewé tí wọ́n fi ń ṣe ọtí absinthe, èyí tí Switzerland fòfin dè ní 1910 tí Faransé sì tẹ̀ lé e ní 1915, kí Switzerland tó tún gbà á láàyè ní 2005. Èròjà tó ń jẹ́ thujone ń bẹ nínú rẹ̀, tó bá pọ̀ jù nínú ara ó lè fa gìrì. Aláboyún ò gbọdọ̀ lò ó, kò sì gbọdọ̀ lo vulgaris náà. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá àgbà kan yóò fẹ́ fi sínú àgbo torí pé ó korò bí oògùn. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Annua, biennis àti campestris

Annua ni ewé oògùn ibà, òun sì ni ẹ kò ní sábà rí. Ní Gẹ̀ẹ́sì, àlejò ni: ó lè hù sí ibì kan lọ́dún yìí kó má sí níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, torí ọdún kan péré ló ń gbé. Igi kan ṣoṣo ló máa ń ní, ewé rẹ̀ gé ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, òórùn rẹ̀ dùn. Òdòdó rẹ̀ kò ju mílímítà 2 sí 2.5 lọ, wọ́n ń dorí kodò lórí ẹ̀ka tó nà jáde láìfún mọ́ra.

Biennis fún òdòdó rẹ̀ pọ̀ mọ́ra lórí ọ̀pá tó dúró ṣánṣán, òdòdó náà kọjú sókè, ewéko náà kò sì ní òórùn kan tó ń fani mọ́ra. Campestris ń gbé ọ̀pọ̀ ọdún, ìdí rẹ̀ le bí igi, ewé rẹ̀ tóóró, òórùn rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọ̀dọ́ ewé rẹ̀ lè ní irun tó ń dán, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn gbé yín lọ sí ìgbésẹ̀ 4. Breckland, láàárín Norfolk àti Suffolk, ni ibi tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù. Òfin 1981 kan náà dárúkọ rẹ̀ lára àwọn tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ já rárá, ewé kan kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀. Fọ́tò nìkan.

Ìtàn annua fúnra rẹ̀ fi hàn ohun tí dídá ewé mọ̀ lè ṣe. Ní 1967, ìjọba Ṣáínà dá iṣẹ́ ìwádìí kan sílẹ̀ lórí ibà. Ìyáàfin Tu Youyou, onímọ̀ oògùn ọmọ Ṣáínà, ka ìwé Ge Hong, oníṣègùn Ṣáínà ti ọ̀rúndún kẹrin, ó sì rí i pé Ge Hong ní kí wọ́n rẹ ewé náà sínú omi kí wọ́n fún un mu, kò ní kí wọ́n sè é. Ìyẹn ló jẹ́ kó fura pé iná ń ba oògùn náà jẹ́, tó sì fi ether, omi kẹ́míkà kan, yọ ọ́ níwọ̀n ooru tó kéré. Ní 1972, wọ́n rí artemisinin, èròjà tó ń pa kòkòrò ibà. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Ohun tí a kì í sábà gbọ́ ni pé ewé tí wọ́n ń pè ní qinghao nígbà náà ju ẹyọ kan lọ: apiacea, irú àtẹmísíà mìíràn, náà ń jẹ́ orúkọ yẹn, kò sì ní artemisinin kankan. Annua ló ní in. Ká ní ẹgbẹ́ Tu dúró sórí ewé tí kì í ṣe òun ni, pàbó ni ìwádìí náà ì bá já sí.

Bí ẹ bá wá rí annua lóòótọ́, ẹ má fi ṣe tíì fún ibà. Ìwọ̀n artemisinin inú ewé kò dọ́gba, kì í sì í tó láti pa gbogbo kòkòrò ibà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ní 2019 pé àwọn kò fọwọ́ sí lílo ewé náà lásán. Láti 2005 tí Nàìjíríà ti fi chloroquine sílẹ̀, ACT ló di oògùn àkọ́kọ́, inú rẹ̀ sì ni artemisinin ti ń bá oògùn mìíràn rìn ní ìwọ̀n tó yẹ. Ẹni tó bá ti ilé dé, tí ara rẹ̀ sì gbóná, kó pe 111, nọ́ńbà ìlera NHS, tàbí kó lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kó sì sọ fún wọn pé Nàìjíríà ni òun ti ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Imú

Ẹ̀yìn ni mo fi imú sí, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ewé absinthium méjì tí ẹ bá rún ti tó láti mú kí ohun gbogbo máa rùn bíi tirẹ̀ lọ́wọ́ yín. Òórùn wúlò láti fi kín ohun tí ojú ti rí lẹ́yìn: líle àti kíkorò fún absinthium, dídùn fún annua, èyí tó dára ju ti vulgaris lọ fún verlotiorum. Ẹ nu ọwọ́ kí ẹ tó kan òmíràn. Ẹni tí àtíkè òdòdó ragweed máa ń mú sín yóò ṣeé ṣe kó sín nítorí vulgaris náà, kó wọ ìbòmú.

Fún àwọn ará Amẹ́ríkà

Vulgaris ti gba ilẹ̀ ní ìlà oòrùn Amẹ́ríkà, ní New York àti Maryland, annua náà sì ti di ará ilé níbẹ̀. Ìgbésẹ̀ 1 sí 3 ṣiṣẹ́ fún yín bí ó ṣe wà, àmọ́ ẹ fún ragweed ní àyẹ̀wò méjì. Lápá ìwọ̀ oòrùn, ẹ ó bá àtẹmísíà méjì mìíràn: tridentata, igi kúkúrú tó le, tí orí ewé rẹ̀ ní eyín mẹ́ta. Èkejì, ludoviciana, funfun lójú àti lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ìgbà ewé rẹ̀ kò sì gé.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Fọ́tò márùn-ún ni mo máa ń fẹ́ rí: gbogbo igi náà níbi tó hù sí, ojú ewé, ẹ̀yìn ewé náà, igi tí a gé tí mùdùnmúdùn rẹ̀ hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà, àti òdòdó nítòsí. Àwọn áàpù tó ń dá ewé mọ̀ máa ń gba orúkọ àtẹmísíà dáadáa, àmọ́ tó bá di vulgaris àti verlotiorum, àfojúbù ni wọ́n ń ṣe, torí pé fọ́tò òkè ni a máa ń fún wọn. BSBI, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ewéko Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, ní ẹni tó ń ṣàkọsílẹ̀ ewéko ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, ẹ sì lè kọ̀wé sí wọn. Ẹ fi ọjọ́, ibi, irú ilẹ̀ àti fífẹ̀ mùdùnmúdùn sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú ẹ̀ka kan (kì í ṣe ti campestris), ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, kí ẹ dojú ewé kan sókè kí ẹ sì dojú òmíràn délẹ̀, kí ẹ wá fi ìwé wúwo tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa pààrọ̀ ìwé ìròyìn náà lójoojúmọ́ títí ewé kò fi ní tutù lọ́wọ́ mọ́.